Káàdì Tí Kò Lè Wọ Dẹ́ẹ̀kì Rẹ̀: Ọ̀ràn Tarmogoyf ní Las Vegas

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ní ìlú Las Vegas. Pascal Maynard, ọmọ Kánádà kan tó ń fi káàdì Magic: The Gathering díje, jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú àwọn méje mìíràn. Èrò pọ̀ nínú ìdíje Grand Prix náà débi pé ńṣe ni wọ́n pín in sí méjì. Ó ju 7,000 ènìyàn lọ tó wá. Àwọn mẹ́jọ yìí ló ṣẹ́kù ní ìpín tiwọn. Maynard ya páàkì kan, ó na káàdì inú rẹ̀ sójú, ó sì rí méjì tó mú un dúró. Ọ̀kan ni Burst Lightning, káàdì pupa. Èkejì ni Tarmogoyf, káàdì àwọ̀ ewé, káàdì ẹ̀dá tó ń jà fún ẹni tó ni ín, irú èyí tó ń kọ mọ̀nà bí iná bá bà á lójú, tí àwọn òṣèré ń pè ní foil. Pupa àti funfun ni dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àpapọ̀ káàdì tí yóò fi jà, tí Maynard ti ń kó jọ bọ̀. Kò sí àwọ̀ ewé kankan nínú rẹ̀.

Ó mú Tarmogoyf.

Láìpẹ́, Twitter ti gbóná. Àwọn àgbà inú eré náà, àwọn tí wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ rí, ń bú u pé ó ti ta ọlá rẹ̀ nítorí owó tí káàdì náà lè mú wá lọ́jà. Àwọn mìíràn ń dáhùn pé ta ni nínú yín tí kò ní mú un? Ọ̀ràn yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, torí pé mi ò tíì rí ibòmíràn tí ìbéèrè náà, "káàdì ẹ̀dá yìí, kí ló tó?", ti fara hàn ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí Whot rí kò ní ṣòro láti bá sọ̀rọ̀. Káàdì 20 tó ń jẹ́ Whot gan-an, ọba ni nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́: o lè jù ú lé ohunkóhun lórí, kí o sì béèrè àwòrán tó wù ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọjà tán nílẹ̀, kí wọ́n ní ká ka káàdì ọwọ́. Ogún yẹn náà ni yóò tì ọ́ síta. Káàdì kò yí padà o. Ìṣirò tí wọ́n fi ń wò ó ló yí.

Draft ni wọ́n ń ṣe nídìí tábìlì yẹn. Bó ṣe ń lọ rèé. Ènìyàn mẹ́jọ jókòó yípo tábìlì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní páàkì mẹ́ta, káàdì 15 nínú páàkì kan. O ya èkíní, o mú káàdì kan, o ti ìyókù sọ́dọ̀ ẹni tó wà lápá òsì rẹ. Ẹni apá ọ̀tún náà ti tirẹ̀ sí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni títí yóò fi tán, kí ẹ tó ya òmíràn. Nígbà tí ẹ bá parí, nǹkan bí káàdì 23 nínú èyí tí o mú ni wàá lò, wàá fi káàdì ilẹ̀ bíi 17 kún un kó lè pé 40, òun ni wàá sì fi jà. Àwọ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró lé, torí pé ilẹ̀ ni mánà ti ń wá, mánà ni a sì fi ń sanwó káàdì. Ilẹ̀ pupa kì í san owó káàdì àwọ̀ ewé. Nítorí náà, nínú dẹ́ẹ̀kì Maynard, Tarmogoyf kò wulẹ̀ kéré níye. Òdo ni. Kò tilẹ̀ ní wọ inú 40 náà.

Ẹ fi èyí sí ọkàn. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí káàdì náà jẹ́.

Nísàlẹ̀ gbogbo káàdì ẹ̀dá, nọ́ńbà méjì ló wà. Èkíní ni agbára tó fi ń lu ẹlòmíràn, èkejì ni ìyà tó lè jẹ kó tó kú. Látọdún 1993 tí eré tí Richard Garfield ṣe yìí ti jáde lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast, òṣùwọ̀n kan ti wà tí àwọn òṣèré fi ń wọn ẹ̀dá: Grizzly Bears, mánà méjì, 2/2, kò ní ẹ̀bùn kankan. Ẹ̀dá mánà méjì tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ mìíràn í ṣe. Lọ́dún 2005, wọ́n tẹ Watchwolf jáde, mánà méjì fún 3/3, àwọ̀ méjì sì ni ó ń béèrè. Ó ya ènìyàn lẹ́nu nígbà náà.

Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ni Tarmogoyf jáde nínú àkójọ tí wọ́n pè ní Future Sight. Mánà méjì. Níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, ìràwọ̀ ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ìràwọ̀ mìíràn tí a fi ení kún sì tẹ̀ lé e. Agbára rẹ̀ ni iye irú káàdì tó wà nínú gbogbo itẹ́ òkú. Ìyà tó lè jẹ fi ení ju bẹ́ẹ̀ lọ. Itẹ́ òkú ni ibi tí káàdì tí a ti lò tán, ẹ̀dá tó kú, àti ohun tí a sọ nù ń lọ. Bí itẹ́ òkú bá ṣófo, Tarmogoyf jẹ́ 0/1. Èèrà lè tẹ̀ ẹ́ pa.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣi í kà. Tarmogoyf ní ẹ̀gbọ́n, Lhurgoyf, tó jáde lọ́dún 1995 pẹ̀lú mánà mẹ́rin. Iye ẹ̀dá tó ti kú ni ìyẹn ń kà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dàgbà, torí pé ogun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jà kí òkú tó pọ̀. Àwọn tó rí àbúrò rò pé ìwà ẹ̀gbọ́n ni yóò hù: ẹ̀dá ìparí eré, tí ó kàn dín owó kù. Wọ́n tún rí i pé àkọlé inú rẹ̀ dárúkọ irú káàdì kan, planeswalker, tí kò tíì sí nínú eré náà rárá. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni planeswalker márùn-ún àkọ́kọ́ jáde nínú àkójọ Lorwyn. Ọ̀rọ̀ planeswalker yìí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *gbogbo*. Gbogbo itẹ́ òkú. Tìrẹ àti ti ọ̀tá rẹ. Iye irú ló sì ń kà, kì í ṣe iye káàdì. Kò dìgbà tí ogún òkú bá sùn. Òkú mẹ́ta tí irú wọn yàtọ̀ síra ti tó.

Ẹ wo bó ṣe ń rí nínú eré àwọn tó ní àkójọ káàdì tiwọn. Ìyípo kìíní, mo gbé ilẹ̀ kan kalẹ̀, irú èyí tí a ń fi rúbọ láti wá ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ń pè ní fetchland. Mo fi rúbọ, ó lọ sí itẹ́ òkú: land, irú kan. Mo fi mánà tí mo rí lò Thoughtseize, káàdì dúdú tó ń jẹ́ kí n wo ọwọ́ ọ̀tá kí n sì yan ohun tí yóò sọ nù. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú: sorcery, irú kejì. Ẹ̀dá ni mo yàn nínú ọwọ́ ọ̀tá: creature, irú kẹta. Ìyípo kejì, Tarmogoyf balẹ̀ ní 3/4. Mánà méjì! Ọ̀tá kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí instant kan, irú kẹrin, bá tún kú, ó di 4/5, tí Grizzly Bears méjì kò sì lè pa á lápapọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nípa rẹ̀, kò sì pọn dandan fún ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ká ní Tarmogoyf wà ní 2/3, kò sì sí instant nínú itẹ́ òkú. Ọ̀tá ju Lightning Bolt lù ú, ìyà mẹ́ta. Lójú ẹni tó mọ ìṣirò, mẹ́ta bá mẹ́ta, ó ti kú. Kò kú. Lightning Bolt fúnra rẹ̀ jẹ́ instant; bó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán ló wọ itẹ́ òkú, kí òfin eré tó wò ó bóyá ẹ̀dá kan ti gba ìyà tó lè pa á. Nígbà tí òfin bá fi máa wò, irú káàdì ti di mẹ́ta, Tarmogoyf ti di 3/4. Òkò tí wọ́n sọ fún un ló jẹ tó fi yó. Ẹ wo iye ẹni tí èyí ti dójú tì!

Nítorí náà, nígbà tí ojú là, owó rẹ̀ gbéra. Dọ́là díẹ̀ ni wọ́n ń tà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lọ́dún 2011, ilé iṣẹ́ náà dá ọ̀nà ìdíje kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Modern, níbi tí Tarmogoyf ti di òpó ilé fún onírúurú dẹ́ẹ̀kì àwọ̀ ewé, òfin sì gba ẹyọ mẹ́rin láàyè nínú dẹ́ẹ̀kì kan. Lọ́dún 2013, wọ́n tún un tẹ̀ nínú Modern Masters. Ẹni tó bá mọ ọjà yóò retí pé kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ó gòkè ni. Àkójọ yẹn fa àwọn òṣèré tuntun wọ Modern, gbogbo wọn ń wá mẹ́rin mẹ́rin, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ kò sì tó wọn. Nígbà tó fi máa di 2015, ẹyọ kan tí kò dán pàápàá ń sún mọ́ 200 dọ́là. Páàkì Modern Masters 2015 tí ó lè wà nínú rẹ̀, 9.99 dọ́là ni iye tí ilé iṣẹ́ kọ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbàgbé owó. Ká ní dẹ́ẹ̀kì àwọ̀ ewé tilẹ̀ ni Maynard ń kó jọ, báwo ni Tarmogoyf ṣe dára tó nínú draft? Ó dára, àmọ́ kì í ṣe òkìkí rẹ̀ ló dé tábìlì yẹn. Àwọn fetchland tí wọ́n ń lò ní Modern kò sí nínú àkójọ náà, nítorí náà land kì í sábà kú. Thoughtseize tí yóò dá nǹkan sí itẹ́ òkú ní ìyípo kìíní kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìyípo kejì, 0/1 tàbí 1/2 ni yóò máa rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó di àárín eré kó tó di 3/4. Ẹ̀dá tó wúlò ni, tí èèyàn yóò fi inú dídùn lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dá tó ń jẹ́ kí ènìyàn pàdánù oorun. Àwọn tó ń sọ pé "Tarmogoyf ni, báwo ni kò ṣe ní mú un" bíi pé agbára rẹ̀ lórí tábìlì ló sọ bẹ́ẹ̀, òkìkí Modern ni wọ́n gbé wá síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Pẹ̀lú pupa àti funfun lọ́wọ́ Maynard, ọ̀rọ̀ yẹn kò tilẹ̀ dìde.

Burst Lightning wá ńkọ́? Mánà kan, ìyà méjì fún ẹ̀dá tàbí fún òṣèré fúnra rẹ̀. Bí o bá fi mánà mẹ́rin kún un, ìyà mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré ó ń pa ẹ̀dá kékeré, ní ìparí ó ń pa ńlá tàbí kó ṣe ọ̀tá tán. Nínú dẹ́ẹ̀kì pupa àti funfun tó ń sáré, káàdì tó yẹ kí ènìyàn mú ni, kò sí àríyànjiyàn. Lójú ọjà, owó rẹ̀ kò ra nǹkan kan.

Àmọ́ báwo ló ṣe ṣe pàtàkì tó? Ìbéèrè yìí ni mi ò rí kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń pariwo jókòó ṣírò. Dẹ́ẹ̀kì jẹ́ 40. Bí eré bá dé ìyípo kẹjọ, òṣèré tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbá ti rí káàdì 15: méje àkọ́kọ́, àti mẹ́jọ tó fà. 15 nínú 40 jẹ́ 37.5 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú eré kan, ó ṣeé ṣe kó máà rí Burst Lightning yẹn rárá ju kó rí i lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan gba kí ó borí ní eré méjì. Nínú eré méjì, àǹfààní pé yóò rí i lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán jẹ́ bíi 61 nínú 100. Kì í sì í ṣe àyè òfìfo ni yóò wà ní ipò rẹ̀ bí kò bá sí. Káàdì kẹtàlélógún ni, èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú àwọn tí ó mú, ṣùgbọ́n tó ń ṣe nǹkan kan. Ìyàtọ̀ láàárín Burst Lightning àti káàdì yẹn nìkan ni ohun tó sọ nù.

Ká ní ìyàtọ̀ náà fi 3 nínú 100 dín àǹfààní rẹ̀ kù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fi ìyẹn síbẹ̀, mo sì rò pé mo lawọ́. Tarmogoyf tó ń dán, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú páàkì, owó rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́nà mélòó kan. Ẹ fi 300 sí i, kó kéré. Kí 3 nínú 100 tó di 300 dọ́là, ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ tó 10,000 dọ́là. Kò sí Grand Prix tó ń san bẹ́ẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nígbà náà. Káàdì tí òṣèré bá sì mú nínú draft, tirẹ̀ ni. Òfin kò ní kó dá a padà. Bí owó nìkan ni a bá ń kà, ẹjọ́ náà kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi àwọn tó bú u ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé kì í ṣe owó ni wọ́n ń kà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó bá dé ibi tí ó lé ní 7,000 ènìyàn ń wá, tó jókòó sídìí tábìlì ìkẹyìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lọ́kàn rẹ̀: kí ni yóò jẹ́ kí n borí? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni Burst Lightning, láìsí iyèméjì. Ife-ẹ̀yẹ wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀, àwọn kan ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìdé àwọn mẹ́jọ ìkẹyìn rí. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni pé wọ́n sọ̀rọ̀ bíi pé ó *ṣi* káàdì náà díwọ̀n. Kò ṣì í. Ó mọ̀ pé òdo ni lórí tábìlì. Ó yan ìṣirò mìíràn ni. Maynard fúnra rẹ̀ jáde ṣàlàyé ara rẹ̀, àwọn kan lára àwọn tó bú u sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ wọn ti le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú láti ìdíje dé ìdíje, tí àwọn tó wà nílé sì ń kọ́ ọ ní ọlá lórí fóònù, inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní dùn.

Ìdíwọ̀n kẹta ni kò sí ẹnì kankan tó rí i bọ̀. Maynard gbé Tarmogoyf yẹn sórí eBay, ó ní ìdajì owó rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ Gamers Helping Gamers, ẹgbẹ́ kan tó ń fún àwọn òṣèré Magic ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí yunifásítì. Ó lọ ní 14,900 dọ́là. Páálí kan náà, yíǹkì kan náà, tí ẹlòmíràn lè fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ariwo ni ẹni tó rà á sanwó fún: òun ló ní *èyí* gan-an, èyí tí gbogbo ayé ti jà lé lórí. Àwọn tó ń bú Maynard ni wọ́n fi ẹnu ara wọn gbé owó rẹ̀ ga.

Mo ti rí àwọn tó fi 14,900 yẹn dá a láre. Mi ò gbà. Kò mọ̀ ọ́n nígbà tó nawọ́, kò sì lè mọ̀ ọ́n. Bí ìpinnu rẹ̀ bá tọ́, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan tí gbogbo ayé mọ̀ lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kó tọ́, ìyókù jẹ́ oríire. Ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń díwọ̀n káàdì kò gbọ́dọ̀ ka oríire mọ́ ọgbọ́n, pàápàá nígbà tó bá tóbi tó báyìí.

Tarmogoyf ńkọ́? Oṣù Kìíní ọdún 2017, káàdì dúdú kan, Fatal Push, jáde: mánà kan, o pa ẹ̀dá tí owó rẹ̀ kò ju mánà méjì lọ, bó ti wù kó tóbi tó. Lóṣù Kẹta ọdún kan náà, wọ́n tún tẹ Tarmogoyf nínú Modern Masters 2017. Nígbà tí àkójọ Modern Horizons 2 dé lọ́dún 2021 pẹ̀lú ẹ̀dá tuntun kan tó ń jẹ́ Ragavan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn dẹ́ẹ̀kì tó ti ń gbé Tarmogoyf tẹ́lẹ̀ rí ẹlòmíràn gbé. Lọ́dún 2023 ni wọ́n wá fi irú káàdì tuntun kan, battle, kún eré náà, ó sì ti di pé Tarmogoyf lè dàgbà dé 9/10, títóbi tí kò lè tó lọ́jọ́ tí Maynard mú un ní Las Vegas. Owó ẹyọ kan tí kò dán sì ti wálẹ̀ jìnnà sí ti ọdún 2015.